Apakòkòrò tàbí Aporó? Orúkọ fún Oògùn tí kì í Pa Kòkòrò

Ní Pobè, ní ẹkùn Plateau tí Kétu náà wà nínú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, ilé ìwòsàn kan wà tí a dá sílẹ̀ fún ìtọ́jú egbò Buruli. Ẹ̀ka-èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ àwọn ará àdúgbò náà ń sọ. Àìsàn yìí gbé ìbéèrè kan ka iwájú àwa tí ń ṣiṣẹ́ lórí ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀: kí ni kí a pe oògùn tí kò pa kòkòrò àìsàn, tí ó kàn gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀?

Kòkòrò àìfojúrí tí ń fa egbò Buruli ni Mycobacterium ulcerans. Ohun ìjà rẹ̀ ni májèlé kan tí ń jẹ́ mycolactone. Ní 1999, Kathleen George, Pamela Small àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ májèlé náà sọ́tọ̀, wọ́n fún un sínú awọ ẹranko, egbò tí ó jọ ti Buruli sì yọ láìsí kòkòrò kankan níbẹ̀. Irú kòkòrò náà tí kò lè ṣe mycolactone kì í dá irú egbò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó hàn gbangba pé nínú oró yìí ni gbogbo agbára àìsàn náà wà.

Rifampicin àti clarithromycin ni a fi ń tọ́jú rẹ̀ lónìí, fún ọ̀sẹ̀ 8. Kòkòrò fúnra rẹ̀ ni àwọn méjèèjì dojú kọ, nítorí náà “apakòkòrò” bá wọn mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni a ń pe oògùn tí a ń fọ́n sí ẹ̀wà lóko. Ṣùgbọ́n oògùn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé oró ni ó ń kojú. Bezlotoxumab, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2016, ń so mọ́ májèlé Clostridioides difficile, kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Kò fọwọ́ kan kòkòrò náà rárá. Ìrètí àwọn olùwádìí ni pé kòkòrò tí a kò lé dé bèbè ikú kò ní tètè kọ́ bí a ti ń borí oògùn.

Orúkọ ńkọ́? “Oògùn olóró” kò ṣeé lò. Igbó àti kokéènì ni ó máa wá sí ọkàn ẹni tó bá gbọ́ ọ. “Agboró” bá ìlànà “agbowó” mu, ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bù jẹ náà lè jẹ́ ẹni tó gba oró. “Aporó” ni mo fara mọ́. Èdè ti ní in tẹ́lẹ̀ fún ohun tí ń ṣẹ́gun májèlé, ìhun rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti apakòkòrò: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe pa, àti àbọ̀ rẹ̀. Fáwẹ̀lì ni ó bẹ̀rẹ̀ oró, ìdí nìyẹn tí a fi pa fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ (pa oró → poró). Kọ́ńsónáǹtì ni ó bẹ̀rẹ̀ kòkòrò, kò sí ìpajẹ níbẹ̀. Àbọ̀ nìkan ni a pààrọ̀, ìyàtọ̀ inú ìmọ̀ ìṣègùn náà kò sì ju ìyẹn lọ.

Àtakò kan wà tó lágbára. Oró nínú Yorùbá kì í ṣe májèlé nìkan, ó tún jẹ́ ìrora. Ẹ wo “dá lóró”. Mycolactone kì í sì í dun ènìyàn. Ní 2014, Estelle Marion, Laurent Marsollier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé ó ń pa iṣan ìmọ̀lára lẹ́nu mọ́. Èyí wà lára ohun tó ń mú kí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn: kókó lásán ni wọ́n rí, ọmọ kò sunkún. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a pe ohun tí kò dunni ní oró? Ní tèmi, ó tọ́. Ejò olóró ń jẹ́ olóró kí ó tó bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí ó gbé sẹ́nu ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń ṣàlàyé fún ìyá ọmọ fi kún un pé oró yìí kì í ta.

Ká ní aporó fún Buruli dé Pobè lọ́la, tí ìyá kan sì béèrè pé, “Dókítà, ṣé kòkòrò náà ti kú?” Ìdáhùn ni, “Rárá o, Màmá, ó ṣì wà, ṣùgbọ́n oró rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Apakòkòrò tí ọmọ yín ń lò pẹ̀lú rẹ̀ ni yóò pa á. Ẹ má jẹ́ kó dá a dúró.” Bí “apakòkòrò” bá jẹ́ orúkọ oògùn méjèèjì, kò sí bí dókítà yóò ṣe sọ gbólóhùn yẹn kí ó yé ìyá náà.