Àjàkálẹ̀-Àrùn Kòrónà àti Àwọn Aláìsàn Ojú-Ìtọ̀ ní Agbègbè Ìyànà-Ìbà

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ọ̀nà tí àjàkálẹ̀-àrùn fi ń dènà aláìsàn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Àìsàn ojú-ìtọ̀ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni, a kì í sì í sábà sọ ọ́ ní gbangba.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Nígbà tí ó di ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ẹ́. Òfin náà yọ ilé-ìwòsàn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní èyí fún bàbá arúgbó tí ń gbé Okokomaiko, nígbà tí ọkọ̀ èrò ti di àwátì? Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ọ̀jọ́ níbí, ṣùgbọ́n Ìkẹjà ni ilé-ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ wà. Ti Yunifásítì Èkó sì wà ní Ìdí-Àràbà. Ọ̀nà jìn sí méjèèjì.

Ó yẹ kí a ṣe àkíyèsí pé ọ̀ràn àwọn aláìsàn wọ̀nyí kò dọ́gba. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kàn ń falẹ̀ lè lo oògùn fún oṣù díẹ̀ kí ó tó padà lọ. Ẹni tí ó ń tọ ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró, nítorí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ àpò-ìtọ̀ tàbí ti kíndìnrín. Ẹni tí ọkàn mi sì lọ sí jù ni ẹni tí a fi rọ́bà sí lára kí ìtọ̀ lè máa jáde. Rọ́bà yìí ní iye ọ̀sẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, ohun líle kan yóò lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, bí ẹfun tí ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùrù, títí ojú rẹ̀ yóò fi dí. Ikùn yóò wú, ìtọ̀ yóò padà sẹ́yìn sí kíndìnrín, kòkòrò àrùn sì lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò gbóná janjan. Bẹ́ẹ̀ ara gbígbóná gan-an ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ wá lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwòsàn ní ọdún 2020! Ẹni tí rọ́bà rẹ̀ dí lè tipa bẹ́ẹ̀ di ẹni tí a fura sí pé ó ní Kòrónà.

Ní ọdún náà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ojú-ìtọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ìlànà tí ó pín àwọn aláìsàn gẹ́gẹ́ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti lè dúró tó, wọ́n sì gbà pé a lè fi tẹlifóònù yẹ àwọn kan wò. Ọgbọ́n wà nínú ìlànà náà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú yàrá kan ṣoṣo tí ìyàwó, ọmọ àti ọmọ-ọmọ jọ wà, ta ni bàbá àgbàlagbà tí yóò gbé fóònù létí kí ó máa ròyìn bí ìtọ̀ rẹ̀ ṣe ń kán? Yóò ní ara òun le, a dúpẹ́. Àwọn àgbà ọkùnrin yìí náà sì ni Kòrónà ń pa jù, nítorí náà ẹ̀rù tí ó mú wọn jókòó sílé kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀.

Lẹ́yìn tí òfin rọlẹ̀, iye èrò tí ọkọ̀ lè gbé dínkù, owó ọkọ̀ sì gbówó lórí.

Lójú tèmi, kò yẹ kí pípààrọ̀ rọ́bà jẹ́ ohun tí a ń torí rẹ̀ lọ sí Ìkẹjà rárá, àfi fún àwọn tí ojú-ọ̀nà ìtọ̀ wọn há tàbí tí ó ti fara pa. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni. A lè ṣe é ní ilé-ìtọ́jú ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìbà tàbí ní Ọ̀jọ́, níbi tí aláìsàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Ohun tí ó gbà ni rọ́bà tuntun, ìbọ̀wọ́, omi tí kò ní kòkòrò, àti nọ́ọ̀sì tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà dáadáa.