Ṣíṣí ohùn oscillator nípò

Ṣíṣí ohùn oscillator nípò jẹ́ ọ̀nà kan tí àwọn olórin ń gbà mú kí ohùn synthesizer nípọn kí ó sì gbòòrò. Oscillator ni ẹ̀yà tí ń pèsè ohùn nínú synthesizer. Bí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ń dún papọ̀ lórí ìró kan náà, a ó gbé ọ̀kan sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀ kí wọn má baà ṣe déédéé.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Bí oscillator kan bá ń gbọ̀n nígbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (440 Hz), tí èkejì sì ń gbọ̀n nígbà 442, etí kì í gbọ́ ìró méjì. Ìró kan ni yóò gbọ́, tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ tí ó sì ń dínkù nígbà méjì ní ìṣẹ́jú àáyá, èyí tí í ṣe ìyàtọ̀ àárín 440 àti 442. Ìgbì méjèèjì a máa ran ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ṣe déédéé, wọn a sì máa pa ara wọn nígbà tí wọ́n bá takora. Àwọn ìró kéékèèké tí ó wà lókè ìró ìpìlẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: 880 àti 884 nígbà mẹ́rin, 1320 àti 1326 nígbà mẹ́fà. Ìdí nìyí tí ohùn náà fi dà bí ti ẹgbẹ́ akọrin, kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ìwọ̀n rẹ̀

Cent ni a fi ń wọn ìṣípò yìí. Cent 100 ni ó wà láàárín bọ́tìnnì dùùrù méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn, àti funfun àti dúdú. 1200 ni ó pé octave kan. Lórí 440 Hz, cent 10 yóò mú kí agbára ohùn lọ sókè sódò ní nǹkan bí ìgbà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá. Lórí 55 Hz, ìgbà kan péré ni ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, básì sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀n tí ó dùn lókè lè ba ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́.

Ẹni tí ń sọ Yorùbá, ìbáà jẹ́ ẹ̀ka èdè Ìkálẹ̀ ní Òkìtìpupa, ń fi ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, bí ọkọ́, ọkọ àti ọkọ̀. Cent 10 kéré gan-an sí àlàfo àárín ohùn wọ̀nyí: àwọ̀ ohùn ni ó ń yí padà, kì í ṣe orin. Bí ìṣípò bá pọ̀ jù, yóò dún bí ohun èlò tí ohùn rẹ̀ ti yẹ̀.

Ìtàn

Minimoog, tí ó jáde ní ọdún 1970, ní oscillator mẹ́ta. Ooru àti òtútù a máa ṣí ohùn irú oscillator bẹ́ẹ̀ nípò fúnra rẹ̀. Èyí tí kọ̀ǹpútà ń pèsè kì í yẹ̀, nítorí náà a ní láti mọ̀ọ́mọ̀ ṣí i. Roland JP-8000 ti ọdún 1996 kó ìgbì méje tí a ti ṣí nípò jọ sínú ohùn kan tí a ń pè ní supersaw. Ní Nàìjíríà, William Onyeabor ti Enugu wà lára àwọn olórin tí ó kọ́kọ́ gbé orin wọn ka synthesizer, láti òpin ọdún 1970 sí 1979 wọ àwọn ọdún 1980.