Ohun Tí Ń Mú Ọtí Ọkà Ki: Ipa Ọkà Àfikún Nínú Ọtí Àpọnmu Nílé

1. Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá mu ọtí ọkà tí ó ṣàn lẹ́nu, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé ọlọ́tí ti bomi là á. Bí ọtí náà bá ki, yóò ní ó le. Èrò méjèèjì yìí kò tọ̀nà tán. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀tọ̀ ni kíki ọtí, ọ̀tọ̀ ni agbára rẹ̀, àti pé apọntí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ètò kíki náà.

2. Ibi tí kíki ti ń wá

A ó rẹ ọkà bàbà sínú omi mọ́jú, a ó da omi rẹ̀ nù, a ó sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ 4 tàbí 5 kí ó lè hù. Lẹ́yìn èyí ni a ó sá a sóòrùn, tí a ó sì lọ̀ ọ́. Nígbà tí ọkà bá ń hù ni ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ ń jí. Iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù ni láti gé sítáàṣì inú ọkà sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi di ṣúgà. Ìwúkàrà a sì jẹ ṣúgà náà, a sọ ọ́ di ọtí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo sítáàṣì ni ó ń di ṣúgà. Àwọn ègé tí ó tóbi jù fún ìwúkàrà láti jẹ a máa ṣẹ́kù. Àwọn wọ̀nyí, pẹ̀lú purotéènì inú ọkà, ni ó ń mú ọtí wúwo lẹ́nu. Nítorí náà, ohun tí ìwúkàrà jẹ ni agbára ọtí. Ohun tí ó jẹ kù ni kíki rẹ̀.

3. Àfikún àti bí a ṣe ń lò ó

Nínú bùrùkùtù, gààrí ni àfikún tí a mọ̀ jù. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ kọ sílẹ̀ ni gààrí ìdá 1, ìyẹ̀fun ọkà híhù ìdá 2, àti omi ìdá 6. A ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2, a ó sè é fún bíi wákàtí 4, a ó sì tún fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 mìíràn. Gààrí ti gba iná nínú agbada, sítáàṣì rẹ̀ sì ti là. Ìdí nìyí tí ó fi ń wú bí omi bá kàn án.

Àgbàdo tàbí ọkà bàbà tí a kò mú hù kò rí bẹ́ẹ̀. Sítáàṣì rẹ̀ dì pinpin, ó sì ń fẹ́ ìgbóná tí ó tó nǹkan bí ìwọ̀n 70 Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó là. Ìgbóná yìí kan náà ni ó ń pa ẹ́ńsáìmù. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a kọ́kọ́ se àfikún náà jinná bí ògì, kí a jẹ́ kí ó rọlẹ̀ sí nǹkan bí ìwọ̀n 65, kí a tó da ìyẹ̀fun ọkà híhù sí i.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, óòtì ni àwọn apọntí kan ń fi kún ọtí dúdú, bí ìdá 5 sí 10 nínú 100. Óòtì ní èròjà kan tí ń yọ̀ díẹ̀ bí omi ilá, òun ni ó ń mú kí ọtí náà rọra sọ̀kalẹ̀ lọ́nà ọ̀fun.

4. Àṣejù àti ewu

Bí àfikún bá pọ̀ jù, sísẹ́ ọtí a nira. Sítáàṣì tí ó ṣẹ́kù tún jẹ́ oúnjẹ fún àwọn kòkòrò tí ń mú ọtí kan, ọtí náà a sì tètè bàjẹ́ mọ́ ọlọ́tí lọ́wọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fi ọkà tí ó ti bu ṣe àfikún nítorí pé ó pọ́kú. Májèlé aflatoxin tí ó lè wà nínú rẹ̀ kì í tán nípa sísè.

5. Ìkádìí

Ẹni tí ó bá fẹ́ dán ọ̀rọ̀ yìí wò, kí ó pín ọkà híhù kan náà sí ìkòkò méjì, kí ó fi àfikún sí ọ̀kan, kí ó sì tọ́ méjèèjì wò. Ní ọdún 1988, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fi òfin de kíkó ọkà báálì híhù wọ̀lú, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí ńláńlá yíjú sí. Ọkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọ̀nà rẹ̀ nígbà náà, àwọn obìnrin apọntí ti ń lò ó nídìí ìkòkò tipẹ́tipẹ́. Ìmọ̀ ni iṣẹ́ wọn. Ó yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìmọ̀.