Ìwé Kún Ilé Ìkàwé, Wíwá Rẹ̀ Ni Iṣẹ́

Ẹni tó bá lọ ra ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn kì í lọ dúró sí ìsọ̀ àwọn onípákó. Àmọ́ nínú ilé ìkàwé yunifásítì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ló ń dúró níwájú pẹpẹ tí kò ní ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n á yẹ ẹ̀yìn ìwé wò títí, wọ́n á sì jáde lọ́wọ́ òfo. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà ṣe fi ẹ̀kọ́ lílo ilé ìkàwé sínú GST, ìyẹn ẹ̀kọ́ àjùmọ̀ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ti ìṣègùn àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gboyè.

Kò jìnnà sí Bódìjà náà ni ilé ìkàwé Kenneth Dike wà, ní Yunifásítì Ìbàdàn. Láti 1948 tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ni John Harris, tó ti ṣe iṣẹ́ ilé ìkàwé ní Yunifásítì Otago ní New Zealand, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ síbẹ̀. Ìwé tí olóògbé Henry Carr kó jọ ní Èkó wà lára ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní 1950, òfin ní kí àwọn òǹtẹ̀wé Nàìjíríà máa fi ẹ̀dà ohun tí wọ́n bá tẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Ìwé àti lẹ́tà Herbert Macaulay náà ń bẹ níbẹ̀. Adétòwùn Ògúnṣẹ̀yẹ, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, Yunifásítì Ìbàdàn yìí ló ti kọ́ni, iṣẹ́ ilé ìkàwé sì ni ẹ̀kọ́ tó fi dé ipò náà.

Nínú irú ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀, gbogbo ìwé ló ní àdírẹ́sì, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ètò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń lò, ọ̀dọ̀ Library of Congress ní Amẹ́ríkà ló ti wá: K ni ti òfin, R ni ti ìṣègùn, DT515 ni ìtàn Nàìjíríà, PL8821 sì ni èdè Yorùbá. Ọjọ́ kan tó láti mọ èyí.

Ibi tó le ni ọ̀rọ̀ tí èèyàn máa fi wá nǹkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ìtàn Abẹ́òkúta lè tẹ orúkọ ìlú náà sínú kọ̀ǹpútà bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí, kó wá rò pé àwọn míṣọ́nnárì ayé àtijọ́ kò kọ ohun tó pọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n "Abbeokuta" ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé wọn. Àwọn arìnrìn-àjò kan tilẹ̀ kọ Yorùbá ní "Yarriba". Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tó mọṣẹ́ á sọ èyí fún èèyàn ní ìṣẹ́jú kan.

Bí ìwé bá wá dé ọwọ́, ó ku yíyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo The History of the Yorubas tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. 1921 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ Johnson ti kú láti 1901. Ó ti parí rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àkọsílẹ̀ tó kù tún un tò. Ẹni tó bá kà á bí ẹ̀rí ọdún 1921 ti ṣìnà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé, níbi púpọ̀, inú gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ lílo ilé ìkàwé. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba A láìfọwọ́ kan ìwé kan lórí pẹpẹ. Ta ló ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ láìjókòó sídìí máṣíìnì? Bí púrójẹ́ẹ̀tì bá wá dé, fóònù ni wọ́n ń sá tọ̀, ẹ̀rọ tó ń dá èèyàn lóhùn lórí fóònù sì lè hùmọ̀ orúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí. Àwọn mìíràn á pa jọ́nà tì nítorí àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ní kí wọ́n san dọ́là, bẹ́ẹ̀ láti 2002 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣí Hinari sílẹ̀, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó fi ń ka jọ́nà ìṣègùn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Ti iṣẹ́ àgbẹ̀, AGORA, tẹ̀ lé e ní 2003. Ilé ìkàwé ni wọ́n ti ń béèrè páswọ́ọ̀dù àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin tó ń kọ púrójẹ́ẹ̀tì lọ́dún yìí, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó kọ orí kìíní, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ tó jókòó nílé ìkàwé láti dáhùn ìbéèrè. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí nìyẹn, kò sì ní gbowó lọ́wọ́ yín.