Kọ̀ǹpútà Nínú Kíláàsì Òfin: Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Kí ẹnikẹ́ni tó fi bírò pupa máa wá àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: Kaduna ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Yorùbá inú ilé ni mo gbọ́, èyí tí màmá mi fi ń bá mi wí. Ṣùgbọ́n olóòtú ní kí kálukú mú ọ̀rọ̀ wá láti inú iṣẹ́ tí ó ń kọ́, ẹ̀kọ́ òfin ni èmi sì ń kọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ti olè tàbí ti ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ inú kíláàsì ni.

Ní sáà tó kọjá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Òfin Ẹ̀rí ni a fẹ́ kọ́. Àwa tí a wà níbẹ̀ ju igba lọ, àwọn kan tilẹ̀ jókòó sójú fèrèsé. Abala tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rí tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde ni olùkọ́ wa fẹ́ ṣàlàyé, wọ́n sì ti kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn kí wọ́n lè fi hàn wá lára ògiri. Pùròjẹ́kítọ̀ wà lókè lóòótọ́, irin ni ilé ẹ̀kọ́ fi yí i ká bí adìyẹ inú àgò. Kọ́kọ́rọ́ irin náà wà lọ́wọ́ Mallam kan tí ó lọ síbi ìsìnkú ní abúlé rẹ̀. Bátìrì inú máìkì ti kú. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, nígbà tí yóò fi tó ogún ìṣẹ́jú, ohùn wọn ti há. Àwa tí a wà lẹ́yìn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ni kálukú bá fa fóònù yọ.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín sí ohun tí ó rí nínú tirẹ̀. Inú bí olùkọ́. Wọ́n ní kí a kó gbogbo fóònù sínú àpò, ẹni tí wọ́n bá tún rí tirẹ̀, kí ó máa lọ sílé. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú mi nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, inú fóònù ni ìwé Òfin Ẹ̀rí tèmi wà." Wọ́n rò pé ó ń yájú ni, wọ́n ní kó jáde. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ. Kò ní owó ìwé náà. Ẹ̀dà tí ó gbà sórí fóònù ló fi ń kàwé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó pé ta ló jẹ̀bi. Olùkọ́ tí ohùn rẹ̀ há? Àwa tí a kò gbọ́ràn? Mallam tí ó lọ sin òkú rẹ̀? A kúkú ní ẹ̀rọ. Ẹni tí yóò sọ ìgbà tí a ó tàn án, ìgbà tí a ó pa á, àti ohun tí a ó ṣe bí ó bá kọ̀ ni a kò ní.

Ìjà yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àìsí iná kì í ti í ṣe àwáwí, wọ́n ti jà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2006, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tí ń jẹ́ June Entman, ní ẹ̀ka òfin Yunifásítì Memphis, fi òfin de kọ̀ǹpútà alágbèéká nínú kíláàsì rẹ̀. Ó ní àwọn ẹ̀rọ náà dà bí ọgbà tí wọ́n mọ sáàárín òun àti àwọn tí òun ń kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá, wọ́n kọ̀wé ẹ̀sùn sí ẹgbẹ́ àwọn amòfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò gba ẹ̀sùn wọn wọlé. Lọ́dún 2007, David Cole tí ń kọ́ni lófin ní Georgetown kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Washington Post pé òun náà ti lé kọ̀ǹpútà jáde nínú kíláàsì òun. Nígbà tó di 2008, ẹ̀ka òfin Yunifásítì Chicago gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì inú àwọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n gé. Saul Levmore ni olórí ẹ̀ka náà nígbà yẹn.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ àwọn olùkọ́ òfin ni ọ̀rọ̀ yìí ká lára tó bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ni. Christopher Columbus Langdell tí ó di olórí ẹ̀ka òfin Harvard lọ́dún 1870 ló mú ọ̀nà náà wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ ti ní láti ka ẹjọ́ tí wọ́n ti dá láti ilé wá. Bí ó bá dé kíláàsì, olùkọ́ kì í sọ fún un ohun tí ẹjọ́ náà wí. Yóò bi í ni. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́? Kí ni adájọ́ rò tó fi dá a báyìí? Bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu náà bá jẹ́ èyí tí olówó rẹ̀ fi ránṣẹ́ sin ńkọ́, ta ni yóò san owó iṣu? Bí ẹnìkan ti ń dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ ni ìwé tí àwọn yòókù ń kà. Bí ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ló kù tí yóò gbọ́ ọ?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo wá ohun tí àwọn onímọ̀ sọ. Ní 2013, ní Kánádà, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Sana, Weston àti Cepeda, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ sínú kíláàsì, wọ́n ní kí àwọn kan máa fi kọ̀ǹpútà ṣe nǹkan mìíràn bí ẹ̀kọ́ ti ń lọ. Máàkì àwọn yẹn lọ sílẹ̀, èyí kò yà mí lẹ́nu. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tí wọ́n jókòó níbi tí wọ́n ti lè rí ojú kọ̀ǹpútà wọn, tí bírò àti ìwé nìkan wà lọ́wọ́ wọn, tí wọn kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni, máàkì tiwọn náà lọ sílẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ òfin, ẹni tí ń dáná tí èéfín rẹ̀ ń yọ aládùúgbò lẹ́nu ní ẹjọ́ í jẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà tó ń tàn yẹ̀rì níwájú mi, èéfín ni.

Ìwádìí kejì lókìkí jù ú lọ. Mueller ti Princeton àti Oppenheimer tó wà ní Los Angeles kọ ọ́ lọ́dún 2014 pé ẹni tí ń fi kọ̀ǹpútà kọ nótì ń kọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ lódindi láìrò ó, àti pé ẹni tí ń fi ọwọ́ kọ ọ́ máa ń gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ di èyí mú bí àdá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ẹlòmíràn tún ìdánwò náà ṣe, tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2019 àti 2021, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ báyìí, mi ò lè gbára lé e pátápátá.

Bí mo ti ń ka ìwádìí kejì yẹn ni mo bú sẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá jẹ́ pé kí a kọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ lódindi láìrò ó, àwa kò nílò kọ̀ǹpútà kí a tó dá a. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa ló ń pe nótì fún wa, "kọ́mà, fúlúsítọ́ọ̀pù, ìlà tuntun", tí a ó máa fi bírò kọ ọ́ títí ọwọ́ yóò fi ro wá. Nítorí náà, ẹni tó bá lé fóònù jáde tó tún ń pe nótì, ẹ̀rọ kan ló lé, ó sì sọ igba ènìyàn di ẹ̀rọ.

Ṣé kí a wá kó ẹ̀rọ jáde pátápátá ni? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, pàápàá fún ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ lọ́yà lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé abala tí a fẹ́ kọ́ lọ́jọ́ náà fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 gbà kí ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde di ẹ̀rí nílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń béèrè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà náà jẹ́ èyí tí wọ́n ń lò déédéé fún irú iṣẹ́ náà lákòókò tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, bóyá irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń kó sínú rẹ̀, bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà náà, àti bóyá ohun tó jáde bá ohun tó wọlé mu. Lẹ́yìn náà, ẹni tó wà nípò àṣẹ lórí ẹ̀rọ náà tàbí lórí iṣẹ́ tí a fi ṣe lè fọwọ́ sí ìwé pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Àwa ń kọ́ òfin tí ń bèèrè ẹni tí ẹ̀rọ wà níkàáwọ́ rẹ̀, a kò sì mọ ẹni tí pùròjẹ́kítọ̀ tiwa wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson, tó jẹyọ láti inú ìdìbò gómìnà Bayelsa ọdún 2012, wọ́n tẹ ìwé jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan láti inú ìwé ìròyìn Punch, èkejì jẹ́ orúkọ àwọn olùdíje láti ojúewé INEC. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní wọn kò mú ohun tí abala 84 béèrè ṣẹ, nítorí náà ìwé náà kò lè di ẹ̀rí. Àwọn lọ́yà àgbà ló wà nínú ẹjọ́ yẹn o! Lẹ́yìn èyí ni àrùn Kòrónà dé, tí àwọn adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹjọ́ láti orí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí Lagos àti Ekiti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní oṣù keje ọdún 2020, wọ́n ní bí nǹkan ti rí, jíjókòó bẹ́ẹ̀ kò tako òfin ilẹ̀ wa. Ní 2023, wọ́n tún Òfin Ẹ̀rí náà ṣe, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìbúwọ́lùwé orí ẹ̀rọ kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí kọ̀ǹpútà nínú kíláàsì òfin àfi gẹ́gẹ́ bí ohun èèwọ̀, ibo ni yóò ti kọ́ ọ kó tó dé iwájú adájọ́?

Àkóso ni mo ń wí. Èkíní, máìkì ṣáájú pùròjẹ́kítọ̀. Owó bátìrì kò tó owó àwòrán ara ògiri, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò gbọ́ràn ni fóònù ń bá sọ̀rọ̀. Kí kọ́kọ́rọ́ jẹ́ méjì, kí ẹnìkan sì dán ẹ̀rọ wò kí olùkọ́ tó wọlé. Kí ṣọ́ọ̀kì àti pátákó má kúrò níbẹ̀ láé, torí iná NEPA kì í kí ènìyàn pé ó dàbọ̀ kó tó lọ.

Ní ti kọ̀ǹpútà àti fóònù, ohun tí mo rí kọ́ lára ìwádìí Kánádà ni pé ibi tí ènìyàn jókòó ṣe pàtàkì ju ohun tó mú dání lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lo kọ̀ǹpútà, kó bọ́ sí ìlà ẹ̀yìn, níbi tí kò sí ẹni tí yóò máa wò ó lẹ́yìn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa tó nílò ẹ̀rọ láti kàwé ńkọ́? Kó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kí a má sì ṣe òfin tí yóò gba gbogbo ẹ̀rọ àyàfi tirẹ̀, torí ọjọ́ náà ni gbogbo kíláàsì yóò mọ àìsàn tó ń bò mọ́ra. Òfin tó dáàbò bo àwọn tó ní ìpèníjà ara ti wà nílẹ̀ wa láti oṣù kìíní ọdún 2019, ojú àwa tí a ń kọ́ òfin kọ́ ni ó yẹ kí a ti máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wákàtí ìbéèrè àti ìdáhùn bá dé, kí gbogbo ẹ̀rọ sinmi, kí a gbọ́ ara wa. Gbígba ohùn sílẹ̀ ní tirẹ̀ gba àṣẹ. Ẹni tó ṣì ẹjọ́ sọ lónìí ń kọ́ṣẹ́ ni, kò yẹ kí àṣìṣe rẹ̀ di ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ káàkiri họ́sítẹ̀ẹ̀lì lálẹ́.

Aṣojú kíláàsì wa kọ èyí tó pọ̀ jù nínú nǹkan wọ̀nyí sínú lẹ́tà. Ó gbé e lọ fún olùkọ́ náà ní ọ́fíìsì wọn, èmi náà tẹ̀lé e. Mo rò pé wọn yóò lé wa jáde. Wọ́n kà á dé òpin, wọ́n bi wá pé, "Ọmọbìnrin yẹn, ṣé òótọ́ ni pé inú fóònù ni ìwé rẹ̀ wà?" A ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n fún wa lówó bátìrì.

Kọ́kọ́rọ́ kejì ti wà lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka báyìí. Mallam ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ gẹ́ ní ọjà; ó ní òun náà kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun síbi òkú. Abala 84, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ tán lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọbìnrin náà jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, fóònù rẹ̀ wà lójú tábìlì níbi tí olùkọ́ ti lè rí i. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ bi ní ìbéèrè.