Ẹ Má Ta Gbogbo Sóyà Yín: Bí A Ṣe Ń Ṣe Mímu Tí Ń Mú Ara Dàgbà Nínú Ilé



Ní ìgbà ìkórè tó kọjá, mo yà sí ilé kan ní àdúgbò wa níhìn-ín ní Rantya láti kí wọn. Àpò sóyà mẹ́ta ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti rán ẹnu wọn, wọ́n ń retí oníṣòwò tí yóò kó wọn lọ fún àwọn tí ń ṣe oúnjẹ adìẹ. Nínú ilé, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta jókòó ti ìyá rẹ̀. Kò ṣeré, kò sì rẹ́rìn-ín. Irun orí rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ó sì ti ń pọ́n. Nígbà tí mo fi ìka tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibẹ̀ jìn, kò tètè padà sípò. Mo bi ìyá rẹ̀ pé kí ni ọmọ ń jẹ. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀kọ ni láàárọ̀, àmàlà ni lálẹ́. Ebi kì í pa á."

Òótọ́ ni ìyá yìí sọ. Ebi kò pa ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò rí ohun tí ara rẹ̀ yóò fi dàgbà. Adìẹ ẹlòmíràn ni yóò jẹ sóyà inú àpò mẹ́ta yẹn, ọmọ ẹni tó gbìn ín sì ń mu ògì lásán. Ọjọ́ náà gan-an ni a gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. A dúpẹ́ pé ó ti ń sáré kiri báyìí. Ṣùgbọ́n kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀ ní ilé mìíràn ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

OÚNJẸ TÍ Ń MÚ ARA DÀGBÀ

Oúnjẹ kò rí bákan náà. Àwọn kan wà tí ń fún wa lágbára láti ṣiṣẹ́: iṣu, gaàrí, àgbàdo, ànàmọ́ òyìnbó tí a ń gbìn lórí òkè yìí. Àwọn kan ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ àìsàn: ẹ̀fọ́ àti èso. Àwọn kẹta ni ara fi ń kọ́ ẹran ara, ẹ̀jẹ̀ àti awọ, òun náà ni ó fi ń tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Ohun tó wà nínú irú oúnjẹ kẹta yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní pùrótíìnì. Ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà ni a ti ń rí i.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe jura wọn lọ. Nínú gíráàmù 100 sóyà gbígbẹ, bí 36 ni ó jẹ́ pùrótíìnì. Ti ẹ̀pà tó bí 25. Ti ẹ̀wà tí a ń jẹ tó bí 23. Ti àgbàdo kò ju bí 9 lọ, ti lafún àti gaàrí kò sì pé 2. Nítorí náà ọmọ lè jẹ gaàrí títí ikùn rẹ̀ yóò fi yọ síta, kí ara rẹ̀ má sì dàgbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan tí ń jẹ́ Cicely Williams, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn sì ń bó. Ní ọdún 1935 ó gbé orúkọ tí àwọn ará Gã ń pè é jáde fún gbogbo ayé: kwashiorkor, èyí tí í ṣe àìsàn ọmọ tí àbúrò gba ọmú mọ́ lẹ́nu. Nígbà ogun abẹ́lé tó jà ní Nàìjíríà láti 1967 sí 1970, gbogbo wa ni a mọ orúkọ náà. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú, ní òpin àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ń wọn àwọn ọmọ kéékèèké ní Ìmẹ̀sí-Ilé lóṣooṣù. Ó ń sàmì ìwọ̀n wọn sórí káàdì, kí ìyá lè fojú ara rẹ̀ rí i bóyá ọmọ ń ga sókè tàbí ó ń yẹ̀ sẹ́yìn. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé.

Sóyà fúnra rẹ̀ ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ọdún 1908 ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín wò ní Moor Plantation ní Ìbàdàn. Nígbà tó yá ó rí ilẹ̀ tó bá a mu ní apá Benue, ó sì ti dé orí òkè wa yìí. Àwọn onímọ̀ ní Òṣòdì ní Èkó ti po sóyà mọ́ ògì fún àwọn ọmọ kéékèèké. Àwọn ti IITA ní Ìbàdàn náà kọ́ àwọn obìnrin abúlé bí wọn yóò ṣe máa lò ó nínú ọbẹ̀, àkàrà àti wàrà.

KÍ NÌDÍ TÍ A FI Ń PÒ WỌ́N PỌ̀?

Pùrótíìnì dà bí ilé tí a fi oríṣiríṣi búlọ́ọ̀kù kọ́. Bí irú kan bá tán, iṣẹ́ dúró, bí àwọn yòókù tilẹ̀ kún ilẹ̀. Àgbàdo ní irú kan tó kéré nínú rẹ̀, sóyà sì ní in lọ́pọ̀. Èyí tó sì kéré nínú sóyà, ọkà ní in. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń jẹ acha pẹ̀lú àwọn onílẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọkà kékeré yìí dára fún èyí gan-an. Nítorí náà, bí ẹ bá mu sóyà mọ́ ẹ̀kọ, mọ́ acha tàbí mọ́ búrẹ́dì, èrè rẹ̀ ju kí a dá a mu lọ.

OHUN TÍ Ẹ Ó LÒ

Fún ife bíi mẹ́fà:
Sóyà tí a ti ṣà, agolo mílíìkì kan.
Ẹ̀pà yíyan tí a ti bó, ìdajì agolo.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa, mẹ́ta.
Dàbínù díẹ̀ tí a ti yọ kóró rẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ kó dùn sí i.
Iyọ̀ tí kò ju ìmú ìka kan lọ.
Omi mímọ́, agolo mẹ́fà.

Ẹni tí ó bá ń pọn omi nínú adágún tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀, kí ó jẹ́ kí omi náà tòrò, kí ó sè é kí ó hó dáadáa, kí ó tó lò ó fún ohun mímu.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

1. Ẹ ṣa òkúta àti èyí tó bàjẹ́ kúrò nínú sóyà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀ lálẹ́ di òwúrọ̀. Ẹ da omi ìrẹ yẹn nù.

2. Ẹ fi ọwọ́ ra á kí èèpo rẹ̀ lè bó, kí ẹ sì ṣàn án kúrò.

3. Ẹ da á sínú omi tó ti ń hó, kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Èyí ni yóò pa òórùn ẹ̀wà tútù tí àwọn ọmọ kì í fẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo fo ìgbésẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ mi gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dìde, ó sì ku èmi nìkan àti ìkòkò.

4. Ẹ sẹ́ omi náà, kí ẹ lọ sóyà pẹ̀lú agolo omi mẹ́fà yẹn títí yóò fi kúnná. Ẹ lè lo ọlọ, bíléńdà tàbí ẹ̀rọ ìlọta. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ ìlọta, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fọ ata kúrò nínú rẹ̀.

5. Ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ fún un dáadáa. Ohun tó jáde ni wàrà sóyà. Ẹ má da èérí rẹ̀ nù. Ẹ pò ó mọ́ àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jinná kí a tó jẹ ẹ́.

6. Ẹ gbé wàrà náà kaná nínú ìkòkò tó tóbi, kí ẹ máa rò ó. Láìpẹ́ yóò ru sókè bí ẹni pé ó ti hó. Ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín jẹ, ìfófòó lásán ni. Ẹ dín iná kù, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi hó ní tòótọ́, kí ó sì máa hó díẹ̀díẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

7. Ẹ gbé e kalẹ̀ kí ó rọ. Ẹ lọ ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti dàbínù pọ̀ títí yóò fi dán, kí ẹ da wàrà náà lé e lórí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ fi iyọ̀ sí i. Ó ti tó mu.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a fi ń sè é pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, ohun kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí inú lè lo pùrótíìnì rẹ̀, iná nìkan ló sì ń pa á. Ẹni tó bá mu sóyà tí kò jinná, inú lè máa run ún, kò sì ní rí èrè tó yẹ. Èkejì, ilẹ̀ Jos ga ju mítà 1,200 lọ sókè òkun. Níbi tó ga tó báyìí, omi máa ń hó nígbà tí ooru rẹ̀ bá tó bíi 96, dípò 100 tó máa ń jẹ́ ní Èkó. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà fi ń pẹ́ jinná níhìn-ín ju ti ilé lọ, ìdí náà nìyẹn tí mo fi fi ìṣẹ́jú kún un.

ÀWỌN OHUN TÍ Ẹ GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA FÚN

Ẹ̀pà tó bu, tó dúdú tàbí tó korò, ẹ má fi sí i, ẹ má sì rò pé yíyan yóò pa ohun búburú inú rẹ̀. Májèlé kan wà nínú ohun tó ń bu náà tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kì í sì í pa á tán. Ibi gbígbẹ ni kí a máa tọ́jú ẹ̀pà sí.

Ẹ má fi mímu yìí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì bí kò bá sí fíríìjì. Iye tí ilé yóò mu lójúmọ́ ni kí ẹ ṣe.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá rẹ̀ nìkan ni kí ó mu. Láti oṣù mẹ́fà, ẹ fi oúnjẹ mìíràn kún ọmú, ṣùgbọ́n ẹ má fi wàrà sóyà rọ́pò ọmú. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ yan àgbàdo tàbí bàbà agolo mẹ́fà, sóyà agolo mẹ́ta àti ẹ̀pà agolo kan, ẹ lọ̀ wọ́n pọ̀, kí ẹ sì máa fi ṣe ẹ̀kọ fún un. Òun ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Tom Brown. Díẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ara ọmọ bá sú tàbí tí ètè rẹ̀ wú, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ọmọ tí ẹsẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ ti wú kì í ṣe ẹni tí a ń fi mímu wò nílé. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, torí pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá rọ oúnjẹ líle sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè pa á. Ẹni tí àìsàn kíndìnrín ń ṣe náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà.

TA NI YÓÒ MU Ú?

Ife kan kò ní dín sí ohun tí ẹyin kan ń fún ni. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta nílò bíi gíráàmù 13 pùrótíìnì lójúmọ́, ife kan yóò sì fún un ní ìdajì rẹ̀. Aboyún, ìyá ọlọ́mọ, àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ kò lè jẹ ẹran mọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn àti àgbẹ̀ tó ń lọ sóko láàárọ̀, ó dára fún gbogbo wọn.

Ìyá àgbà kan sọ fún mi pé ọmọ tí a bá fi ẹyin àti ẹran kẹ́ yóò di olè. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Màmá, ẹ̀kọ́ ilé ni kì í jẹ́ kí ọmọ jalè. Ẹyin kì í kọ́ni lólè." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n bu mímu náà wá kí àwọn tọ́ ọ wò.

MÉLÒÓ NI KÍ A YÀ SỌ́TỌ̀?

N kò sọ pé kí ẹ má ta sóyà. Owó rẹ̀ ni a fi ń san owó ilé ìwé, òun náà ni a fi ń ra ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Agolo mílíìkì kan gba bíi gíráàmù 120 sóyà. Bí ilé kan bá ń ṣe mímu yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, agolo 156 ni yóò lò lọ́dún, èyí kò sì pé kìlò 20. Bí ẹ bá ní àpò kan tí ó jẹ́ kìlò 100, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ni. Bí àpò bá jẹ́ mẹ́ta bíi ti ilé tí mo sọ yẹn, ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Ẹ wá fi owó rẹ̀ wé owó mínírà tí àwọn ọmọ ń mu láàárín ọdún kan, èyí tí kò ní ju omi àti ṣúgà lọ.

Nítorí náà, kí oníṣòwò tó dé, ẹ kọ́kọ́ wọn ti ilé sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, kí ẹ dé e pinpin, kí ẹ gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tiwa kọ́kọ́ jẹ nínú ohun tí ọwọ́ wa gbìn, kí adìẹ ẹlòmíràn tó jẹ.

Ẹni tí kò bá yé, kí ó wá bá mi nílé tàbí lọ́fíìsì. Èmi yóò mú ìkòkò wá, kí òun mú sóyà rẹ̀ wá, a ó sì jọ ṣe é.