Bí ajá àgbà bá ń lọ: ìtọ́jú tó yẹ èyí tó ṣẹ́kù nílé

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà, méjì-méjì ni àwọn onílé máa ń sin ajá. Ó lè jẹ́ ajá ìbílẹ̀ tí a ń pè ní ekuke pẹ̀lú Alsatian, ó sì lè jẹ́ ìyá àti ọmọ rẹ̀. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń gbó àlejò, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì jọ ń sùn sí. Nígbà tí ogbó bá dé sí ọ̀kan nínú wọn, ìbéèrè méjì ló máa ń dojú kọ onílé lẹ́ẹ̀kan náà: báwo ni yóò ṣe dágbére fún èyí tó ń lọ, kí sì ni yóò ṣe fún èyí tó kù?

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìfẹ́ ẹran ọ̀sìn. Ọ̀rọ̀ ìlera ni pẹ̀lú, nítorí pé ohun tó pa ajá kan lè ran èkejì, ó sì lè ran àwọn tó ń gbé inú ilé náà.

Ǹjẹ́ ajá máa ń ṣọ̀fọ̀?

Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Ítálì gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì Scientific Reports. Àwọn 426 ènìyàn tó ti sin ajá méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀kan nínú àwọn ajá náà sì ti kú, ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 86 ló sọ pé ìṣesí ajá tó ṣẹ́kù yí padà sí búburú. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta sọ pé ajá náà kò fẹ́ fi àwọn sílẹ̀ mọ́, ó ń rọ̀ mọ́ àwọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ju ìdajì lọ tó sọ pé eré ṣíṣe rẹ̀ dín kù. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta sọ pé kò jẹun bó ṣe yẹ mọ́. Àwọn mìíràn ní ó ń sùn jù, ẹ̀rù ń bà á, tàbí ó ń ké.

Gígùn ọdún tí àwọn ajá méjèèjì fi jọ gbé kọ́ ló ṣe pàtàkì jù nínú ìwádìí náà. Irú ìbáṣepọ̀ tó wà láàrin wọn ni: bóyá ọ̀rẹ́ ni wọ́n, bóyá òbí àti ọmọ ni wọ́n, bóyá wọ́n jọ máa ń pín oúnjẹ jẹ. Bákan náà, bí ìbànújẹ́ ẹni tó ni ajá bá ṣe pọ̀ tó ni ìyípadà náà ṣe máa ń hàn lára ajá tó kù. Àmọ́ àwọn olùṣèwádìí náà ṣe kìlọ̀kìlọ̀ pé èyí kò tíì tó láti sọ pé ọ̀fọ̀ tí ajá ń ṣe rí bákan náà pẹ̀lú ti ọmọ ènìyàn.

Mímọ ìgbà tí àsìkò tó

Ajá ńlá bí Alsatian àti Boerboel máa ń di àgbà ní nǹkan bí ọdún 7 tàbí 8. Àwọn kékeré máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogbó fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn, ọ̀pọ̀ ajá ló sì ń bá oríkèé ríro, ojú tó ṣú àti etí tó di gbé fún ọdún púpọ̀.

Ohun tó yẹ kí onílé máa wò ni bóyá ayé ṣì dẹ ajá náà lọ́rùn. Ní ọdún 2004, dókítà ẹranko kan ní Amẹ́ríkà, Alice Villalobos, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí àwọn dókítà ń lò títí di òní. Ohun méje ló dá lé: ìrora, oúnjẹ jíjẹ, omi ara, ìmọ́tótó, ìdùnnú, agbára àtirìn, àti bóyá ọjọ́ rere ju ọjọ́ burúkú lọ. Máàkì 0 dé 10 ni a ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju 35 lọ nínú 70, ajá náà ṣì lè máa bá ayé rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìtọ́jú.

Níbi tí ajá bá ti jẹ́ méjì, ohun kan wà tó máa ń tan onílé jẹ. Èyí tó kéré lè máa jẹ oúnjẹ àgbà mọ́ tirẹ̀. Àwo mọ́ ní òwúrọ̀, onílé sì rò pé àwọn méjèèjì ló jẹun, nígbà tó jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ẹnu àgbà ti kọ oúnjẹ. Ó dára kí a máa ya àwo wọn sọ́tọ̀, kí a sì dúró tì wọ́n bí wọ́n bá ń jẹun.

Ìdágbére

Bí ìrora bá ti kọjá ohun tí oògùn lè mú rọlẹ̀, dókítà ẹranko lè fún ajá ní ikú ìrọ̀rùn. Ó sábà máa ń kọ́kọ́ fún un ní oògùn tí yóò mú un sùn, lẹ́yìn náà ni yóò gún abẹ́rẹ́ tó ń dá ọkàn dúró. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti parí. Ojú ajá náà lè má pa dé. Kì í ṣe àmì pé ìyà jẹ ẹ́. Ìwà ìkà ni kí a fún ajá ní oògùn eku tàbí oògùn kòkòrò, tàbí kí a lọ já a sílẹ̀ sínú igbó. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní àwọn yunifásítì bí ti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Zaria àti Nsukka.

Oògùn abẹ́rẹ́ náà kì í kúrò nínú òkú ajá. Ẹranko tó bá jẹ nínú rẹ̀ lè kú, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹran rẹ̀ ṣe oúnjẹ. Kí a gbẹ́ ilẹ̀ tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó kéré tán, kí ó sì jìnnà sí kànga.

Àwọn dókítà kan gbà pé ó dára kí ajá kejì fi imú gbóòórùn òkú náà kí a tó sin ín. Kò sí ewu nínú rẹ̀, bí kì í bá ṣe àrùn tó ń ràn ló pa á.

Bí ó bá jẹ́ àrùn ni

Kì í ṣe gbogbo ajá àgbà tó kú ni ogbó pa. Bí ìwà ajá bá ṣàdédé yí padà, tó ń da itọ́, tí àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, tó sì ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ tàbí tó ń bu gbogbo nǹkan jẹ, ẹ má ṣe rò pé egungun ló há a lọ́fun, ẹ má sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé àrùn yìí ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dọọdún, àti pé láti ọ̀dọ̀ ajá ni ó tó 99 nínú ọgọ́rùn-ún ti ń wá. Ẹni tí ajá bẹ́ẹ̀ bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí a má ṣe yára sin òkú ajá náà. Kí a pe dókítà ẹranko láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ náà gan-an ni kí a mú ajá kejì lọ fún àyẹ̀wò.

Ìtọ́jú èyí tó ṣẹ́kù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà ajá kì í ba awọ jẹ́. Lọ́dọ̀ àgbà ni èyí tó kéré ti máa ń kọ́ iṣẹ́ ọgbà: àgbà á kọ́kọ́ gbó, òun á sì gbè é. Bí kò bá sí ẹni tí yóò gbè mọ́, ó lè dákẹ́ lóru tàbí kí ó máa gbó gbogbo ohun tó bá kọjá. Kí a má ṣe nà án. Àkókò tí ó ti ń jẹun àti èyí tí ó ti ń rìn jáde ni kí a má ṣe yí padà. Kí a máa bá a ṣeré, kí a sì fi aṣọ tàbí ẹní tí àwọn méjèèjì jọ ń sùn lé sílẹ̀ fún un, bí kò bá jẹ́ pé àrùn ló pa èyí tó lọ.

Bí odidi ọjọ́ kan bá kọjá tí kò jẹun, tàbí tó ń bì, tàbí tó ń ṣu ẹ̀jẹ̀, kí a má ṣe pè é ní ìbànújẹ́ lásán. Dókítà ló yẹ kó sọ ohun tó jẹ́.

Àwọn ọmọdé pẹ̀lú ń fojú sọ́nà. Kí a sọ fún wọn pé ajá náà ti kú; bí a bá ní ó sùn ni, wọn yóò máa dúró de ìgbà tí yóò jí.

Ní ti ajá tuntun, kí a má ṣe kánjú. Bí ó bá jẹ́ àrùn parvo ló pa èyí tó lọ, kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ ọgbà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọmọ ajá ni ó sì máa ń pa jù. Kí a fi bleach ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n 30 fọ àwo àti ilé ajá. Kí ọmọ ajá gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tán kí ó tó wọ ọgbà. Lẹ́yìn náà, kí a jẹ́ kí ajá tó wà nílé fúnra rẹ̀ fi hàn, nínú oúnjẹ jíjẹ àti eré ṣíṣe rẹ̀, pé òun ti ṣe tán láti gba ẹlòmíràn.